Ilé Là Ń Wò: Ètò tí ó Yẹ kí Onílé Ṣe kí ó tó Tún Ilé Àtijọ́ Ṣe

Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ni òwe yìí ń sọ̀rọ̀ bá, ṣùgbọ́n ó bá onílé tí ó fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe wí pẹ̀lú. Ẹni tí kò tún ilé ṣe rí a máa rò pé owó nìkan ni iṣẹ́ náà ń dúró dè. Bí owó díẹ̀ bá ti wọlé, birikila a dé, òòlù a bẹ̀rẹ̀ sí í ró, ògiri kan a sì ti wó lulẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tí yóò fi tó oṣù kan, owó ti tán, òrùlé ṣí sílẹ̀, òjò sì ti ń kùn lókè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí ní ìgboro Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Iléṣà àti Èkó. Bí ó ti wà kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ sàn ju bí ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ètò tí ó yẹ kí irú onílé bẹ́ẹ̀ ṣe kí ó tó pe òṣìṣẹ́ kankan. Ilé àtijọ́ tí òbí tàbí òbí àgbà kọ́, tí ọmọ wá fẹ́ tún ṣe kí ó lè máa gbé inú rẹ̀, ni àpẹẹrẹ tí ọ̀rọ̀ náà yóò dúró lé. Kókó rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wíwo ilé ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú títún ilé ṣe, ẹni tí ó bá sì fo iṣẹ́ yìí dá yóò san owó rẹ̀ ní ìlọ́po lẹ́yìn ọ̀la.

IRÚ ILÉ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÀN

Agboolé ni ilé Yorùbá láyé àtijọ́. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú wọn, òrùlé sì rọ̀ wá sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà a tẹrí ba kí ó tó wọlé. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri. Wọn a po amọ̀ náà, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn a mọ ìpele kan, wọn a sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo orí ilé. Ọgbọ́n ni ó wà nínú òrùlé tí ó rọ̀ wálẹ̀ náà: agbòjò ni ó jẹ́ fún ògiri, nítorí pé omi ni ọ̀tá amọ̀.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil àti Cuba padà wá sí Èkó, àti àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone dé, mú ọ̀nà ìkọ́lé mìíràn wọlé. Ilé alájà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, fèrèsé ga sí i, wọ́n sì ń fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sí ẹnu ọ̀nà àti òpó ilé. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, wà lára iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà ìkọ́lé yìí wọ àwọn ìlú òkè. Páànù gba ipò bẹẹrẹ. Ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là láàárín, tí yàrá mẹ́ta kọjú sí yàrá mẹ́ta, gba ipò agboolé. Sìmẹ́ńtì tí ó ti máa ń gba ojú òkun wá láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ewékorò nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960.

Nítorí náà, àdàlù ni ilé àtijọ́ tí ènìyàn ń jogún lónìí sábà máa ń jẹ́: amọ̀ ní inú, sìmẹ́ńtì ní ara, páànù ní orí. Ìwà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Amọ̀ a máa fa omi mu, a máa wú, bí ó bá sì gbẹ tán a máa sún kì. Sìmẹ́ńtì kì í bá a wú bẹ́ẹ̀, kì í sì í bá a sún kì. Ìdí nìyí tí sìmẹ́ńtì fi ń sán lára ògiri alámọ̀, tí ó sì ń ṣí kúrò bí èèpo igi. Bí omi bá ti gba ojú sísán náà wọlé, sìmẹ́ńtì a há a mọ́ inú, amọ̀ a sì máa rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ara ògiri lè máa dán kí inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Onílé tí ó bá rí i pé sìmẹ́ńtì ti ń ṣí, tí ó sì ní kí birikila kàn fi sìmẹ́ńtì tí ó le jù ú lọ bò ó, aṣọ tuntun ni ó wọ̀ fún aláìsàn láìwo àìsàn náà.

TA NI Ó NI ILÉ?

Kí onílé tó béèrè ohun tí ilé ń fẹ́, ó yẹ kí ó béèrè ẹni tí ó ni ilé. Bí baba bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé tí ó fi sílẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, ó di ilé ẹbí. Ọmọ tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe kò fi ìyẹn sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan, bí owó náà ti wù kí ó pọ̀ tó. Bí àṣà ti rí nìyí, ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà sì ti ń tẹnu mọ́ nìyí láti ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ṣe oore fún ẹbí ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìwé ìpẹ̀jọ́ fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà pín ogún tún mú kí ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra. Bí bàbá bá ní ju aya kan lọ, ìdí-igi ni àṣà ń tẹ̀lé, èyí ni pé iye aya tí ó bímọ fún un ni a fi ń pín ogún. Bí ìjà bá wà lórí èyí, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí, kí a pín in ní iye ọmọ. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, fi ọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Èkó wá pé ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà tí ó múlẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó fẹ́ da yàrá méjì pọ̀ di pálọ̀ kan. Ó lè jẹ́ pé ìdí-igi kan ni ó ni yàrá ti ọwọ́ ọ̀tún, tí ìdí-igi mìíràn sì ni ti ọwọ́ òsì. Ògiri tí ó fẹ́ wó ni ààlà láàárín ọmọ ìyá méjì.

Nítorí náà, kí ọmọ náà tọ olórí ẹbí lọ, ìbáà jẹ́ Mọ́gàjí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Ìbàdàn, ìbáà sì jẹ́ Dáwódù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Èkó. Kí ó ní kí wọ́n pe ìpàdé. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ẹbí sì sọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí: yàrá wo ni yóò máa gbé, fún ọdún mélòó, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀ bí ẹbí bá ta ilé náà lọ́jọ́ iwájú. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yí padà bí àwọn tí ó gbọ́ ọ bá ti kú tán.

Nínú ìpàdé yìí kan náà ni ó ti yẹ kí ó béèrè ibi tí ojú oórì wà. Inú ilé ni Yorùbá ti ń sin àgbà láyé àtijọ́, nínú yàrá tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ojú oórì ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe àmì sí. Àwọn ìyálé tí wọ́n ti pẹ́ nínú ilé ni wọ́n sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbígbẹ́ ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí, nítorí pé ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ìjọba náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin ìṣètò ìlú àti ìgbèríko tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1992, àti òfin tí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe lẹ́yìn rẹ̀, béèrè pé kí onílé gba ìwé àṣẹ kí ó tó kọ́ ilé tàbí kí ó tó yí i padà ní ọ̀nà tí ó ṣe gbòógì. Ọ̀dà kíkùn kò gba ìwé. Fífi àjà kan kún ilé gbà á, sísọ ilé gbígbé di ilé ìtajà náà sì gbà á.

ṢÍṢE ÀYẸ̀WÒ ILÉ

Bí ẹbí bá ti fohùn ṣọ̀kan, kí onílé mú ìwé, pẹ́ńsù, okùn ìwọ̀n àti iná ọwọ́, kí ó sì yí ilé ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ó má ṣe yára.

Òrùlé ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, òjò sì ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wà nínú ilé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, kí ó sì fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí ó ń jò. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn bá ràn, kí ó gun òkè àjà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọjú nínú páànù ni omi ń gbà wọlé. Kí ó fi ẹnu ọ̀bẹ gún igi òrùlé kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ìgbà tí ó wọ iṣu, ikán tàbí jíjẹrà ti bá igi náà jà, páànù tuntun kò sì gbọdọ̀ gun orí rẹ̀.

Ó yẹ kí ó ṣọ́ra bí ó bá fẹ́ tú àjà. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1990, ọ̀pọ̀ ènìyàn lo páálí asbestos fún àjà ilé, àwọn mìíràn sì fi ṣe òrùlé. Bí páálí náà bá wà ní odindi, kì í pa ẹnikẹ́ni lára kíákíá. Ewu rẹ̀ wà nínú eruku tí ó ń jáde nígbà tí a bá ń fọ́ ọ, tí a bá ń rẹ́ ẹ tàbí tí a bá ń fi ìgbálẹ̀ gbá a. Eruku yìí a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí onílé wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n fi omi rin páálí náà kí wọ́n tó tú u ní odindi, kí òṣìṣẹ́ fi ohun ààbò bo imú àti ẹnu, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Lẹ́yìn òrùlé ni ògiri. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ògiri ń là kò rí bákan náà. Ojú sísán tín-ín-rín tí ó tàn káàkiri bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ sábà máa ń mọ sí ara sìmẹ́ńtì. Èyí tí ó gba igun fèrèsé sọ̀ kalẹ̀ ní ìdábùú, tí ó hàn ní inú tí ó sì hàn ní ìta, tí ìka ọwọ́ lè wọ̀, ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ ti ń rì ní apá kan. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ láti mọ̀ bóyá ògiri ṣì ń sún. Kí onílé fi pẹ́ńsù fa ìlà sí orí àti ìdí ojú sísán náà, kí ó kọ ọjọ́ oṣù sí i, kí ó sì wọn bí ó ti fẹ̀ tó. Kí ó padà wò ó lóṣooṣù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìgbà òjò. Bí ó bá kọjá ìlà tí ó fà sí i, tàbí tí ó fẹ̀ sí i, ẹnjiníà ni ó yẹ kí ó pè, kì í ṣe ẹni tí ń kun ọ̀dà.

Ẹsẹ̀ ògiri ni ó kàn. Ibẹ̀ ni omi ọ̀ṣọ̀rọ̀ ti ń ta sí ògiri lára, ibẹ̀ sì ni ilé alámọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ikú. Ọ̀pọ̀ ọdún gbígbá àti dída ìdọ̀tí sí ẹ̀yìnkùlé tilẹ̀ lè mú kí ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, tí omi a sì máa wá ọ̀nà wọlé. Gọ́tà tí ó dára, etí òrùlé tí ó yọ síta dáadáa, àti kọnkéré tí ó dagun kúrò lára ògiri yí ilé ká, lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ orí ilé.

Kí ó tó parí àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó wo wáyà iná tí ó ti gbó, kí ó sì wọn ibi tí ṣáláńgá wà sí kànga. Bí àyè bá wà, kí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 100 láàárín wọn, kí kànga sì wà ní apá òkè ilẹ̀.

ÒGIRI TÍ Ó RU ILÉ

Ohun tí ó sábà máa ń wu ẹni tí ó ń tún ilé ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pálọ̀ ńlá. Ọ̀nà tí ó sì rọrùn jù lójú rẹ̀ ni kí ó yọ ògiri kan kúrò. Ṣùgbọ́n ògiri méjì ni ó wà nínú ilé: èyí tí ó ru ilé, àti èyí tí ó kàn pín yàrá. Kí onílé gbójú sókè kí ó wo ibi tí igi òrùlé tàbí kọnkéré àjà ti gbé ìdí lé. Ògiri tí ẹrù bá jókòó lé lórí, bí wọ́n bá yọ ọ́ láìfi òpó àti igi ìgbérù rọ́pò rẹ̀, ẹrù náà yóò wá ibòmíràn jókòó sí.

Ti ilé alámọ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ògiri rẹ̀ a máa fara ti ara wọn ní igun ilé bí àwọn àgbà tí wọ́n ń fi èjìká ti ara wọn. Ògiri tí kò ru nǹkan kan lórí lè jẹ́ òun ni ó di ògiri ìta mú tí kò fi ṣubú. Èyí ni ó fà á tí ògiri tí wọn kò fọwọ́ kàn fi máa ń wó ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n wó èkejì rẹ̀.

Fífi àjà kan lé ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ léwu ju gbogbo èyí lọ. Ẹni tí ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ fún ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò gbẹ́ ẹ fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sí ọ̀dà tí ó lè pa èyí mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé alájà kan tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí ilé náà fún wíwó kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ilé tí ó ti rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣubú. Àìgbọ́ ni ó ń pa ènìyàn.

YÍYA ÀWÒRÁN ILÉ

Nígbà tí onílé bá ti mọ ohun tí ilé rẹ̀ jẹ́, ó lè wá ro ohun tí ó fẹ́ kí ó dà. Ìwé ìṣirò onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ó wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí igun mẹ́rin kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Kí ó ya gbogbo ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé bí wọ́n ti wà. Lẹ́yìn náà, kí ó tún ya òmíràn bí ó ti fẹ́ kí wọ́n wà. Ògiri tí a bá fi pẹ́ńsù wó, rọ́bà lásán ni yóò gbé e dìde. Èyí tí a bá fi òòlù wó, owó ni yóò gbé e dìde. Àwòrán yìí kò gba ipò ti ayàwòrán-ilé, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí onílé mọ ohun tí yóò bá a sọ.

Àwọn tí yóò máa gbé inú ilé ni kí ó máa rò bí ó ti ń yà á. Bí ìyá àgbà bá wà nínú ilé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kò bá a mu lóru. Bí ilé ìdáná bá wà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, èéfín rẹ̀ yóò máa kún yàrá. Yàrá tí fèrèsé wà ní ọ̀nà méjì a máa tutù ju èyí tí ó ní ẹyọ kan lọ. Ògiri alámọ̀ tí ó nípọn kì í tètè gba ooru oòrùn wọlé. Bí wọ́n bá fi bọ́lọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, àwọn tí ń sùn níbẹ̀ yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn èyí, kí ó pín gbogbo ohun tí ó fẹ́ ṣe sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ilé yóò wó bí wọn kò bá ṣe é, èyí tí yóò mú kí ìgbé ayé rọrùn, àti èyí tí ó kàn wu ojú. Òrùlé, omi àti ìpìlẹ̀ kì í kúrò ní ọ̀nà kìíní. Táìsì àti ọ̀dà kì í kúrò ní ọ̀nà kẹta, bí ó ti wù kí àlejò yìn wọ́n tó.

ÌṢIRÒ OWÓ

Bí àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí ògiri tuntun kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Ojú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 108. Bọ́lọ́ọ̀kù tí ó wọ́pọ̀ gùn ní íǹsì 18, ó sì ga ní íǹsì 9. Ojú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bí a bá fi èyí pín 108, bọ́lọ́ọ̀kù 96 ni yóò jáde. Bí ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ó ga ní 7, bá wà lára ògiri náà, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 21 yóò kúrò, yóò sì ku 87. Bọ́lọ́ọ̀kù 78 ni yóò tó. Kí onílé fi díẹ̀ kún un nítorí àwọn tí yóò fọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe ìṣirò yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onílé ń gba iye tí birikila bá fi ẹnu sọ.

Báyìí ni kí ó ṣe fún páànù, igi, ìṣó, yanrìn àti sìmẹ́ńtì. Kí ó béèrè iye wọn lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́ta ó kéré tán, kí ó fi owó ọkọ̀ kún un, kí ó sì fi owó ọwọ́ òṣìṣẹ́ kún un. Nígbà tí ó bá ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó tún ya ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀ fún ohun tí ojú kò rí. Ilé àtijọ́ kì í ṣàìní àṣírí lábẹ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọgọ́rùn-ún náírà, ètò ọgọ́rin náírà ni kí ó ṣe.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo iṣẹ́, kí ó pín in sí ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró. Ilé tí wọ́n ti ṣe òrùlé rẹ̀ tán lè dúró de owó fún ọdún méjì láìbàjẹ́. Ilé tí wọ́n ti tú òrùlé rẹ̀ kò lè dúró de òjò mẹ́ta. Nítorí náà, páànù àtijọ́ kan kò gbọdọ̀ kúrò lórí ilé àyàfi bí páànù tuntun, igi àti ìṣó bá ti wà nílẹ̀ pé.

ÀKÓKÒ ÀTI ÒṢÌṢẸ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Láàárín oṣù Kọkànlá sí Ìkejì ni iṣẹ́ òrùlé bọ́ sí jù lọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní ìjàǹbá tirẹ̀. A máa gbẹ omi inú sìmẹ́ńtì kí ó tó ráyè le. Ó yẹ kí wọ́n máa fi omi rin iṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti kọnkéré fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kí onílé sì ti ro ibi tí omi náà yóò ti wá, nítorí kànga a máa fà ní àkókò yìí kan náà.

Ní ti òṣìṣẹ́, kí onílé lọ wo iṣẹ́ tí birikila tàbí kápíńtà ti ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ó sì bá ẹni tí ó ṣe é fún sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀: iṣẹ́ tí yóò ṣe, ta ni yóò ra ohun èlò, ọjọ́ tí yóò parí, àti iye owó tí yóò gbà ní ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan. Owó tí a bá san tán ṣáájú iṣẹ́ a máa sọ oníṣẹ́ di àwátì. Bákan náà, kí onílé má ṣe máa yí ọkàn padà lójoojúmọ́. Bí ó bá ní kí wọ́n sún ilẹ̀kùn sọ́tùn-ún lónìí, tí ó sì ní kí wọ́n dá a padà lọ́la, kí ó má ṣe bínú sí ẹni tí ó gba owó lẹ́ẹ̀mejì.

KÍ A WÓ O, TÀBÍ KÍ A TÚN UN ṢE?

Àwọn ilé kan wà tí àtúnṣe kò lè ràn lọ́wọ́ mọ́. Bí ògiri ìta bá ti tẹ̀, tí ìpìlẹ̀ ń rì síbẹ̀, tí ẹnjiníà sì sọ pé ewu ni, wíwó ni ọ̀nà àánú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ń wó nítorí pé ojú ń ti onílé, kì í ṣe nítorí pé ilé rẹ̀ ti kú. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó rò pé ilé òtòṣì ni. Kò mọ̀ pé ògiri náà ti dúró láti ayé bàbá rẹ̀ àgbà, àti pé òrùlé tí ó jò ni gbogbo àìsàn rẹ̀.

Ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar, tàbí Casa do Fernandez, ní gbàgede Tinúubú ní Èkó, jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà tí ó lókìkí jù lọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó di oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Bí ohun tí òfin dáàbò bò bá lè lọ báyìí, ta ni yóò dáàbò bo ilé tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, tí ó jẹ́ pé orúkọ ẹbí nìkan ni a fi mọ̀ ọ́n? Àwọn ọmọ inú rẹ̀ nìkan ni. Lọ́wọ́ wọn ni ó wà láti mọ èyí tí ó yẹ kí ó lọ àti èyí tí ó yẹ kí ó kù: ilẹ̀kùn onígi tí kápíńtà òde òní kò mọ bí a ti ń gbẹ́ ẹ mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń ṣèpàdé, ojú oórì tí ó so àwọn ọmọ ìdí-igi mẹ́rin pọ̀.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹwà náà kò ṣẹ̀yìn àwọn tí wọ́n jókòó ro bí wọn yóò ti tún un kọ́. Ìwé àdéhùn ẹbí, ìwé àyẹ̀wò ilé, àwòrán, ìṣirò owó àti ìwé àdéhùn òṣìṣẹ́: márùn-ún ni wọ́n, gbogbo wọn kò sì tó iye owó àpò sìmẹ́ńtì kan. Kí onílé rí i pé wọ́n wà nínú fáìlì kan lórí tábìlì rẹ̀ kí birikila tó gbé òòlù sókè.